Mẹ́wàá Ṣáájú Méjì

Filomẹ́ẹ̀nì ló kọ́kọ́ wọlé, ti àkọsílẹ̀ iye owó ẹja.
Bàbá Adékànbí tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀ pupa Kétu,
ìwé kan ṣoṣo ló dì sínú ọ̀rá:
orúkọ ìyàwó rẹ̀, ọjọ́ tó wáyé, ọjọ́ tó lọ,
àwòrán kékeré tí gèlè bò dé ìpéǹpéjú.
"Ogójì ẹ̀dà, ọmọ mi. Agogo mẹ́wàá la ó gbé e kúrò nílé."
Mo ní kò le rárá.
Mo fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ. Ó di iṣẹ́ kejì.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé wìtìwìtì,
tísà pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò,
akọ̀wé Mẹ́rì pẹ̀lú ìwé owó orí,
ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì, àtàwọn tí mi ò mọ̀ rí,
títí dórí Raímì, ẹni kẹwàá:
igba ìwé ìpè ìgbéyàwó, òdòdó yí i ká.

Ẹ̀rọ kùn nínú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi òdòdó.
Òdòdó. Òdòdó. Òdòdó.
Bàbá gbójú sókè lórí àga:
"Ṣé èmi ló kàn?"
Ẹni tí "kàn" wà nínú orúkọ rẹ̀,
tí kò kàn.

Mo tẹ lẹ́tà mẹ́ta, l, p, q,
Yúníìsì sì tò wọ́n síwájú mi láìtijú:
1, 10, 11, 2.
Kò ka iye. Iwájú orí ló ń wò.
Ó rí ọ̀kan níwájú òdo,
ó ní àkọ́dé nìyí, ẹ fún un láyè.

Mo fẹ́ bú u.
Mo wá rántí pé àwa náà, bí a bá ń pe mẹ́tàdínlógún,
ogún tí a ò tíì dé la ti yá lò.
Ṣùgbọ́n àwa a máa dárúkọ gbèsè:
mẹ́ta ló dín, mẹ́ta la jẹ.
Ẹ̀rọ yìí jẹ Bàbá ní gbogbo òwúrọ̀, kò wí nǹkan.

Mo na ọwọ́ láti dá òdòdó dúró.
"Jẹ́ kó parí tirẹ̀," Bàbá ní. "Ìyàwó tèmi ò kánjú mọ́."
Raímì gbọ́. Ó wo aago,
ó wo àwòrán inú ọ̀rá,
òun fúnra rẹ̀ ló tẹ bọ́tìnnì náà,
ní ẹ̀dà kejìdínlọ́gọ́rin.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí ìsọ̀ dá,
mo tún orúkọ iṣẹ́ gbogbo kọ,
mo fi òdo síwájú wọn: 02, 03, 04.
Òdo, tí kì í ṣe nǹkan kan,
ni mo fi gba àyè Bàbá padà.
Ó ti pẹ́ jù, mo mọ̀.
Ìwé kan ṣẹ́kù nínú àwo ẹ̀rọ, ẹ̀dà kọkànlélógójì;
mi ò mọ ẹni tó ní kí n tẹ̀ ẹ́.