Àádọ́jọ Èèyàn Ni Wọ́n Sọ

Àádọ́jọ èèyàn ni Ọ̀gá Oyèkànmí sọ.
Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi létí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ókè-Fìà,
iná wẹ́dà ń kọ yẹ̀rì lẹ́yìn rẹ̀:
"Ọmọ mẹ́ta péré ló ń gba fírídọ̀mù,
ìyá wọn, bàbá wọn, àwa ọ̀gá díẹ̀.
Ìyá Ìbídùn, ẹ má da ara yín láàmú."
Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Àádọ́jọ.
Mo fa ilà méjì sí i nídìí.

Èmi tí mo ti ń se oúnjẹ àjọyọ̀
láti ọdún tí iléeṣẹ́ irin ti dá ọkọ mi dúró,
ó yẹ kí n ti mọ̀
pé ẹnu ẹni tó ń ṣe nǹkan kò mọ èèyàn kà,
ìkòkò ló mọ̀ ọ́n kà.

Agogo mẹ́ta òru la dáná
lẹ́yìnkùlé wa ní Kẹlẹ́bẹ.
Ìbídùn ń rẹ́ àlùbọ́sà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín,
Wúràọlá ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ṣa òkúta inú ẹ̀wà.
Ẹran, èmi fúnra mi ni mo gé e:
ẹni tí kò bá fẹ́ jẹ gbèsè
kì í fi ọ̀bẹ ẹran lé ọmọdé lọ́wọ́.

Nígbà tó di agogo mọ́kànlá, wọ́n dé.
Wọ́n ti Ìkìrun dé, wọ́n ti Ẹdẹ dé,
wẹ́dà, rẹwáyà, fọgaláísà,
ọ̀kan mú ìyàwó, ìyàwó mú àbúrò,
àbúrò mú ọ̀rẹ́ tí ebi ń pa dání.
Mo kà wọ́n dé igba ó lé ọgbọ̀n, mo ṣíwọ́.

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ àdògán onírin ńlá kán.
Ìkòkò ìrẹsì kejì fì sápá kan,
omi gbígbóná ta sí mi lẹ́sẹ̀.
Ta ló sáré gbá a mú?
Adéṣínà, ọ̀kan nínú àwọn tí à ń bá yọ̀,
tòun ti sáàṣì lọ́rùn.
Ó fi búlọ́ọ̀kù tì í nídìí, ó ní,
"Ẹ máa sè é lọ, mà."

Mo ń sè é lọ.
Mo fi abọ́ kékeré pààrọ̀ abọ́ ńlá,
mo rán Wúràọlá lọ ra ẹ̀kọ l'Álékúwodò,
mo gé mọ́ínmọ́ín sí méjì,
mo fi ẹ̀rín mú un tóbi.
Kò sẹ́ni tó dìde láìjẹun.
Ìyẹn, mo lè fi búra.

Owó ńkọ́? Ìdajì ni ọ̀gá san.
"Ó kù díẹ̀, ìyá. Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀sẹ̀ ṣe máa rí."
Mo kọ ọ́ sínú ìwé
lábẹ́ àwọn orúkọ tó ti pẹ́ níbẹ̀,
àwọn tí ọmọ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ pè mí wá dáná
ti ń dá lọ sílé ìwé báyìí.

Nígbà tí alẹ́ lẹ́, Adéṣínà dé
pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ìyá rẹ̀ fi àjọ ọdún méjì rà fún un.
Ó jókòó ti àdògán, ó jó irin mọ́ irin.
Gbogbo abọ́ tí a kò tíì fọ̀ ń kọ mànà.
Nígbà tó parí, ó ní kí n má sanwó.

Mo ní rárá o.
Iṣẹ́ àkọ́ṣe kì í ṣe ọ̀fẹ́.
Bí o bá fi ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀,
gbogbo Òṣogbo ni yóò mọ ilé rẹ.
Mo ka ẹgbẹ̀rún méjì lé e lọ́wọ́ nínú ìdajì yẹn,
mo wá ha ìsàlẹ̀ ìkòkò fún un, ìrẹsì tó jó díẹ̀.
A jókòó sórí kúlà, a ń jẹ ẹ́,
èéfín sì wà nínú aṣọ àwa méjèèjì.

A gbé ìkòkò ńlá lé àdògán, a fi omi dán an wò.
Ó dúró.

Ìkómọ ń bẹ l'Ókè-Baálẹ̀ lọ́tùn-únla.
Ọgọ́rin èèyàn ni wọ́n sọ.
Ẹ̀wà igba ni mo máa rẹ.