Fèrè Idẹ

Ìlẹ̀kùn ló kọ́kọ́ sọ fún mi.
Ó là sílẹ̀ bí ẹnu ẹni tó sùn lọ nínú bọ́ọ̀sì.
Àgádágodo ṣì wà lára irin rẹ̀, ó tì gbọn-in,
igi tí a kàn án mọ́ ló fà ya.
Wilf ló rà á. "Kò sí olè tó lè ṣí eléyìí," ó ní.
Òótọ́ ló sọ. Wọn ò ṣí i.

Mo lọ ra èédú àti mílíìkì ní Hebden Bridge,
wákàtí méjì péré, òjò winniwinni.
Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ létí odò àfọwọ́gbẹ́,
okùn méjì, èèkàn méjì,
bí mo ti ń fi í sílẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá.
Pẹ́pẹ́yẹ rí wọn.
Pẹ́pẹ́yẹ kì í jẹ́rìí.

Wọ́n kó bátìrì, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́,
wọ́n gbé rédíò tí kì í gbọ́ ju ilé-iṣẹ́ kan lọ.
Wọ́n da bọ́tìnnì ìyá mi sílẹ̀ látinú agolo, gbogbo rẹ̀,
wọn ò mú ẹyọ kan.
Owó wà nínú agolo tíì, wọn ò débẹ̀.
Wọ́n jẹ ìdajì kéèkì, wọ́n fi ìdajì sílẹ̀
bí àlejò tó mọ ìwà hù.
Fèrè idẹ tí à ń fọn bí a bá fẹ́ wọ abẹ́ afárá,
wọ́n yọ ọ́ lórí òrùlé tòun ti ìdè rẹ̀.
Ẹ gbọ́, olè tó gbé fèrè,
níbo ni yóò ti fọn ọ́n?

Ọlọ́pàá kọ nọ́ńbà fún mi sórí ìwé péńpé.
"Ẹ tọ́jú ẹ̀ dáadáa, màmá."
Mo tọ́jú rẹ̀ sínú agolo tíì,
òun àti owó tí olè kò rí jọ ń gbé.

Ẹni tí kò gbé inú ọkọ̀ rí yóò ní ẹrù lásán ni.
Ilé mi fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méje.
Kò síbi tí olè lè dúró sí nínú rẹ̀
tí kì í ṣe ibi tí mo ti ń wẹ̀, ibi tí mo ti ń sùn,
ibi tí Wilf kú sí.
Ipasẹ̀ kan wà níwájú ààrò, ẹrẹ̀ dúdú.
Ó kéré. Mo gbé ẹsẹ̀ tèmi lé e: a dọ́gba.
Mo nu gbogbo ilẹ̀, n ò nu ibẹ̀.

Lóru, ọkọ̀ máa ń mì bí ẹnìkan bá gùn ún.
Ó tún máa ń mì bí kò bá sí ẹnikẹ́ni.
Ọdún mọ́kànlá, n ò mọ̀.
Mo gbé irin tí à ń fi ṣí ìlẹ̀kùn omi sábẹ́ ìrọ̀rí.
Etí mi di ajá.

Haydn Tunnicliffe, ará ọkọ̀ ẹ̀yìn mi,
kò ní kí n gbé e kúrò lọ́kàn, kò béèrè bí ara ti rí.
Ayùn ló gbé dé, àti pákó, àti ìṣó,
ó kàn án tó bẹ́ẹ̀ tí èmi gan-an
fi èjìká ti ìlẹ̀kùn kí n tó wọlé.
Ó mu ife tíì mẹ́ta. Ó lọ.

Lọ́jọ́ kẹta mo ní ó tó, n ò gbé ibí mọ́.
Mo tú okùn, mo tan ẹ́ńjìnì.
Ìsàlẹ̀ odò ni mo fẹ́ sá lọ,
ṣùgbọ́n òkè ni imú ọkọ̀ mi kọ sí,
ọkọ̀ gígùn kì í sì í yí padà níbi tó bá wù ú,
àfi níbi tí odò bá fẹ̀.
Máìlì mẹ́ta ni mo rìn kí n tó rí àyè yí i,
máìlì mẹ́ta ni mo tún rìn padà,
ọ̀nà tí mo fẹ́ sá gbà,
iwájú ilé mi ló gbà kọjá.
Èèkàn méjèèjì ṣì wà nílẹ̀.
Tíì ń ṣe mí. Mo so okùn.

Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn afárá kejì,
fèrè kan dún.
Ohùn rẹ̀ há lágbedeméjì,
bó ti ń há láti ìgbà tí Wilf jẹ́ kó já sómi.
Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rín. Ẹ̀rín ọmọdé.
Haydn ti gbé tọ́ọ̀ṣì. Mo di apá aṣọ rẹ̀ mú.
A jọ dúró, à ń retí kó tún dún.
Kò dún mọ́.

Mo wọlé, mo nu ipasẹ̀ yẹn.
Ó gba garawa omi méjì.