Pẹ́ńsù Tí Wọ́n So Mọ́ Okùn

Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń ṣe é, bí aago ilé-ìwé bá ti lù tán,
ní Middlesbrough, ní kíláàsì tí òrùlé rẹ̀ ń jò,
tí mo gbé korobá méjì sí, ọ̀kan pupa, ọ̀kan tí kò lọ́wọ́.
Èmi ni mo ń gbálẹ̀ ibẹ̀.
"Mísìs Ó" ni wọ́n ń pè mí;
Olówóòkéré gùn jù fún ẹnu wọn, mo ti dárí jì wọ́n.

Tíṣà Hargreaves gbé páálí bàtà wá,
ó fi ọ̀bẹ la ojú sí i lókè,
ó ní, "Àpótí ìbò rè é. Kí lẹ fẹ́ kí ìlú yìí ṣe fún yín?"
Wọ́n dákẹ́.
Ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè rí,
bí o bá bi í lójijì, ẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ wò,
bóyá ẹlòmíràn lò ń bá wí.

Corey ní kí wọ́n dá bọ́ọ̀sì alẹ́ padà,
ẹsẹ̀ ni ìyá òun fi ń rìn bọ̀ láti ilé àwọn arúgbó láago mọ́kànlá.
Ruweyda ní iná ni, iná pupa, ní ìkóríta iwájú ilé-ìwé,
níbi tí ọkọ̀ ti gbá àbúrò òun lẹ́sẹ̀ nínú òjò.
Wọ́n dìbò. Ìwé mẹ́tàlélógún.
Iná ló wọlé, mẹ́tàlá sí mẹ́sàn-án;
ẹnì kan ya ẹja sínú tirẹ̀.
Mo rí ẹja náà nínú pàǹtírí lálẹ́. Ó dára, ó ní ìpẹ́.

Wọ́n kọ lẹ́tà. Wọ́n tún un kọ.
Wọ́n dúró létí títì, wọ́n ń ka mọ́tò,
atẹ́gùn odò Tees ń fa fìlà lórí wọn.
Lóṣù kejì, kánsẹ́lọ̀ dé,
ó jókòó sórí àga ọmọdé, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.
Ó gbọ́, ó mi orí, ó ní, "A ó wò ó."
Mo rẹ́rìn-ín nídìí ìgbálẹ̀ mi.
Mo mọ "a ó wò ó" láti ilé;
mo mọ bàbá rẹ̀, mo mọ ìyá rẹ̀.
Ṣùgbọ́n Ruweyda ò jókòó.
"Ọjọ́ wo, sà?"
Kánsẹ́lọ̀ wo tíṣà. Tíṣà wo òrùlé.
Ẹ̀kán omi kan bọ́ sínú korobá: tó.
"Ọjọ́ wo?"
Ó yọ bírò, ó kọ ọjọ́ sílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ náà bá mi ní kọ́rídọ̀:
"Mísìs Ó, ta lẹ máa ń dìbò fún?"
Mo ní, "Èmi? Àlejò ni mí. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo gbé dání."
Ó tú ìwé rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kan:
ọmọ Kọ́mọ́wẹ́ẹ̀tì tó ń gbé níbí, tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ pé, lè dìbò.
Mo nu ọwọ́, mo tún un kà.

Ọdún mẹ́tàdínlógún!
Gbọ̀ngán tí mo ń fọ̀ yìí gan-an
ni wọ́n ti ń dìbò lóṣù karùn-ún.
Èmi ni mo ń to tábìlì;
bí wọ́n bá lọ tán, èmi ni mo ń ká okùn pẹ́ńsù tí wọ́n gbàgbé.
Àlejò lójú, kò fi ríran.
Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà;
èmi tí n kò bèèrè, mo kàn ń gbá ọ̀nà náà ni, n kò rìn ín.
N kò bínú. Bóyá mo bínú díẹ̀.

Lóṣù karùn-ún, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì,
ẹnu ọ̀nà iwájú ni mo gbà wọlé.
Obìnrin tó jókòó fi rúlà wá orúkọ mi:
Olówóòkéré, lẹ́tà kan ò sọnù.
Pẹ́ńsù náà kúrú. Ọwọ́ mi ń rùn bílíìṣì.
Mo fa ìlà kan, mo fi òmíràn dábùú rẹ̀.

Iná ìkóríta ò tíì dé.
Wọ́n kàn fi ọ̀dà funfun sàmì síbi tí òpó máa dúró sí.
Ruweyda a máa dúró lé e láràárọ̀,
a na ọwọ́ sókè,
mọ́tò a sì dúró.