Ẹsẹ̀ Tí Wọ́n Kà

Aago méjì òru ní Màsífà, iná ti lọ.
Mo tẹ orúkọ àìsàn kan sórí fóònù,
èyí tí n kò lè dá lójú Mopélọ́lá.
Mo ti pa orúkọ mi rẹ́. Lágbájá ni mí.
Ilé mẹ́ta ni ìbéèrè mi gbà kọjá:
èkíní mọ̀ mí, kò mọ ibi tí mo rán an sí;
ẹ̀kẹta mọ ibẹ̀, kò mọ ìyá tó bí mi.
Lẹ́tà dì pinpin, àfi ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́.

Ilẹ̀kùn tì, fèrèsé ń rojọ́!
Fóònù ní: báyìí ni ojú mi ṣe fẹ̀,
Yorùbá olámì ni mo mọ̀ ọ́n kọ,
aago mi ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin sáré,
bátìrì mi kò ju ìlàjì lọ.
Ta ló tún kù ní gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́?
Wọn ò bèèrè orúkọ.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, oògùn àìsàn náà
ti ń polówó ara rẹ̀ fún mi.

Mo yọ́ jáde sí ẹ̀yìnkùlé.
Bàbá, tí kò ríran mọ́, pè mí láti yàrá:
“Oyèdìran, kí ló dé tí o ò sùn?”

Òun náà, ẹsẹ̀ mi ló kà.
Mo jókòó tì í.
Mo sọ ọ́.