Òṣùká Ẹnu Ilẹ̀kùn

Háńgà onírin kan ló fi bẹ̀rẹ̀.
Ardith fà á yọ láti inú kọ́bọ́ọ̀dù,
ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, ó fi ẹ̀mú tò ó,
títí onígun mẹ́ta fi gbàgbé igun rẹ̀,
tó rí roboto bí òṣùká
tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé ẹrù lé.

Létí odò Ohàíò, Oṣù Ọ̀wàrà ti ń gbó lọ.
Igi mépù ń bọ́ra sílẹ̀ lójú gbogbo ayé,
pupa, ìyeyè, àwọ̀ ata gbígbẹ.
Jolene aládùúgbò ti to elégédé mẹ́rin síwájú ilé,
ó gbẹ́ eyín sí wọn lẹ́nu; ìkan yọ èjì.
Egungun oníke kan jókòó sórí àga rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀
(egungun ni mo wí o, n kò pè é ní egúngún),
ó ń wo ojú títì bí ẹni tí a jẹ lówó.

Irú òrùka Halowíìnì bẹ́ẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù,
dọ́là mọ́kàndínlógójì,
aláǹtakùn rẹ̀ ń tan iná lójú.
Ardith yẹ iye owó wò, ó dá a padà sórí pẹpẹ,
ó lọ ra báàgì ìdalẹ̀nù dúdú, páálí kan.
Ó gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lórí tábìlì ìdáná,
ó ta kókó, ó fà á, ó ta òmíràn tì í,
ọra ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òjò tí kò tíì pinnu.
Nígbà tí kókó pé ọgọ́ta, àtàǹpàkò ń ro ó:
làkúrègbé kò mọ̀ pé ọdún ń bọ̀.

Bébà alágbàfọ̀ ṣì wà lọ́rùn háńgà náà:
kóòtù búlúù kan, ṣòkòtò kan. Gbà á ní Ọjọ́bọ̀.
Kóòtù yẹn ni Verlin wọ̀ lọ ní Oṣù Ẹrẹ̀nà.
A kì í sin háńgà mọ́ èèyàn.
Ẹ̀yìn mọ́tò ló bá padà wálé,
bí ọmọ tí a rán níṣẹ́ tí kò bá ẹnìkankan nílé.

Òrùka kan wà níbi ìsìnkú náà pẹ̀lú,
òdòdó funfun báláú, ṣọ́ọ̀ṣì ló fi ránṣẹ́.
Wọ́n kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sára rìbọ́ọ̀nù,
lẹ́tà kan sọnù nínú rẹ̀.
Ardith rí i. Kò sọ.

Èyí kò ní orúkọ kankan lára.
Ìyẹ́ kannakánná mẹ́ta ló há sí i,
tó ṣà nídìí páìpù omi,
àti aláǹtakùn rọ́bà tí ọmọ ọmọ rẹ̀ gbàgbé
sábẹ́ ibùsùn lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ku méje.
Ọrùn háńgà, kò gé e.
Ó ti mọ iṣẹ́ ìrọ̀ tipẹ́.

Alẹ́ lẹ́, àwọn ọmọdé dé tàwọn ti báàgì súìtì.
Àjẹ́ méjì. Panápaná kan. Igi bọ́tà kan tí òtútù ń mú.
Lẹ́yìn wọn pátápátá, iwin kékeré kan,
aṣọ ibùsùn ló dà borí,
ihò ojú kan ti sọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.
Ó na ìka, ó fọwọ́ kan ọra náà.

“Ṣé ó bà ọ́ lẹ́rù?” Ardith bi í.
Iwin ronú. Ó tún aṣọ ṣe kó lè ríran.
“Díẹ̀. Ó ń mí.”

Afẹ́fẹ́ odò ni. Ardith mọ̀ pé afẹ́fẹ́ odò ni.
Ó bu súìtì fún un lẹ́kùnwọ́ méjì,
ó ti ilẹ̀kùn, ó sì dúró sẹ́yìn rẹ̀,
etí rẹ̀ lára pákó, títí omi tíì fi tutù.

Jolene ní kó yáa ká a kúrò
kí Ọjọ́ Ìdúpẹ́ tó dé.
Ó ní òun ti gbọ́.