Ọtí Tó Ń Jẹ́ Ó-Ń-Bọ̀

Gbogbo ayé ló ń ròyìn ọtí náà.
Èmi tí mo fọ ife níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin,
tí ọṣẹ jẹ ìka mi títí ó fi bó,
ẹnìkan ò bi mí rí.

Ilé ọtí Ṣówùnmí wà lẹ́yìn ìdíkọ̀ reluwé Láfẹ́ńwá:
páànù mẹ́jọ, bẹ́ǹṣì mẹ́ta,
kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, reluwé Kánò pẹ́.
Aago mẹ́fà lù, kò dé. Mẹ́jọ lù, kò dé.
Bíà tán. Ẹmu ti kan.
Ó ku ògógóró ìsàlẹ̀ ìgò,
osàn wẹ́wẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ fi ṣe àgbo,
oyin nínú agolo mílíìkì.
Ṣówùnmí da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ atalẹ̀ gígún,
ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, ó já ewé ewúro,
ó fún un sí i, tó, tó, tó.
Ó ní ohun tó bá dùn tí kò korò díẹ̀, ti ọmọdé ni.

Àwọn ará Ìtòkò ní ọ̀gá télọ̀ kan ló fa orúkọ náà:
ó bèèrè pé, "Kí ni wọ́n ń pè é?"
Reluwé fọn fèrè lókè afárá lẹ́ẹ̀kan náà,
Ṣówùnmí tẹ́tí, ó ní, "Ó ń bọ̀!"
Ilé ọtí bú sẹ́rìn-ín, orúkọ mọ́ ọtí lára.
Ará Ìbẹ̀rẹ̀kòdó ní irọ́ ni:
ọtí náà kì í pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀,
ìgbà tí o bá dìde ni wàá mọ̀ pé ó ń bọ̀.
Ìtàn méjèèjì dùn. N ò bá wọn jà sí i.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.
Ta ló wo ilé fún ọtí?

Àǹtí mi Àwẹ̀ró jókòó nígun, lábẹ́ àtùpà,
gèlè tuntun lórí, abọ́ ìrẹsì lórí itan.
Ọkọ rẹ̀ ti lo ọdún méjì ní Kafanṣan,
lẹ́tà kan ṣoṣo ló kọ:
"N óò wọ reluwé ọjọ́ Ẹtì."
Ẹtì wo? Kò kọ ọ́.
Ṣówùnmí gbé ife àkọ́kọ́ síwájú rẹ̀, kò gba kọ́bọ̀.
Kò wo ọtí. Ojú Ṣówùnmí ló wò.
"Ṣé ó ń bọ̀?"
"Ó ń bọ̀."

Mo wà níbẹ̀, àkísà ife lọ́wọ́ mi.
Kò sí fèrè kankan lókè afárá nígbà yẹn.

Ó di aago mọ́kànlá kí reluwé tó dé.
Àpò àlùbọ́sà sọ̀kalẹ̀, ewúrẹ́ sọ̀kalẹ̀,
olùkọ́ kan sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀.
Àǹtí mi fi ìka nu ìdí ife, ó lá a,
ó ní kí n bá òun gbé abọ́.

Lónìí, ní òtẹ́ẹ̀lì kan l'Ókè-Mosàn,
wọ́n ń gbé e wá pẹ̀lú yìnyín àti agboòrùn kékeré.
Mo bi ọmọ tó ń pò ó pé ewúro dà.
Ó ní, "Màámi, oníbàárà kì í fẹ́ kíkorò."
Mo mu ún tán. Ó dùn.
Ó dùn bí ẹni pé
ẹnikẹ́ni ò dúró de ẹnikẹ́ni rí.