Iye Ìka Kan

Wọ́n ní kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ òfin.
Ìwé tó wà lára ògiri lè dáhùn:
yunifásítì ní Àkọkà, ilé ẹ̀kọ́ òfin ní Erékùṣù Fikitóríà,
àti ọdún tí mo kọ́kọ́ dé wíìgì funfun,
tí adájọ́ pè mí ní ọ̀gbẹ́ni
torí kò gbójú sókè.

Ṣùgbọ́n Òkobàbà gan-an ni mo ti kọ́ ọ,
nílé ìlagi tó wà létí ọ̀sà,
níbi tí èérún pákó ti ń bọ́ sínú ẹ̀kọ tí à ń mu.
Bàbá mi gbé ìka mẹ́wàá lọ síbi iṣẹ́ lówùúrọ̀ Tọ́sìdeè kan,
ó gbé méje bọ̀ wálé.
Iná ló lọ, ló tún dé lójijì,
ọwọ́ rẹ̀ sì wà lẹ́nu ayùn.

Ọ̀gá wá kí wa. Ó gbé ìdajì àpò ìrẹsì dání.
Ó ní ẹ pẹ̀lẹ́, ó tún ní ẹ pẹ̀lẹ́,
ó ní Ọlọ́run ló mọ ìdí abájọ.
Màmá mi kúnlẹ̀ dúpẹ́.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi jẹ ìrẹsì náà tán.
Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó ṣírò rẹ̀:
ọ̀sẹ̀ kan fún ìka kan.

Àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ ní Oníkaméje.
Òun náà ń dáhùn.
Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn, pé ó ń dáhùn.

Igbóṣeré ni ọ́fíìsì mi wà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì,
lórí ẹni tó ń ṣe fọ́tókọ́pì.
Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán kò lè gun àtẹ̀gùn ọ̀hún,
nítorí náà èmi ni mo máa ń sọ̀kalẹ̀.
A ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ,
n ó máa bi í ní ìbéèrè tí ọmọlúàbí kì í bini:
Ta ló ń bá ẹ de bọ́tìnnì?
Ọwọ́ wo lo fi ń wẹ̀ báyìí?
Nígbà tó o bá gbé ọmọ, ṣé ọmọ máa ń sunkún?

Owó àti ọwọ́: ohùn kan náà ni wọ́n,
àmì tín-ín-tín abẹ́ lẹ́tà ló yà wọ́n nípá.
Àmì yẹn ni mò ń rojọ́ lé lórí.

Kàsálì, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún,
ẹ̀rọ bàtà ní Ìlúpéjú gba ọwọ́ òsì rẹ̀.
Agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ ní ó ń fi fóònù sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.
Fóònù ọ̀hún wà lọ́dọ̀ atúnfóònù ní Muṣin láti ọjọ́ Ajé;
mo fa rìsíìtì yọ.
Irin tó yẹ kó bo ẹnu ẹ̀rọ wà lẹ́yìnkùlé,
wọ́n ń sá tówẹ́lì lé e.
Mo fa fọ́tò yọ.
Síbẹ̀, ọdún mẹ́fà.
Adájọ́ kan fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé èkejì lọ sí Àgbádárìgì,
fáìlì sọnù, a rí i lábẹ́ fìríìjì akọ̀wé kóòtù.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní mo jọ eṣinṣin, ibi egbò ni mo ti ń jẹ.
N kò jiyàn. Mo gba ìpín tèmi,
n kò sì ní pè é ní àánú.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé sọ̀wédowó wá,
Kàsálì fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún wọn.
Mo di ọwọ́ tó kù mú.
Mo ní, dúró ṣánṣán.

Lálẹ́, bàbá mi béèrè: èló ni wọ́n fún ọmọ náà?
Mo sọ fún un.
Ó na ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ gílóòbù,
ó ń wo àlàfo ìka mẹ́ta
bí ẹni ń wo ilé tó tà ní ọ̀pọ̀.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
Ó ní, ìrẹsì yẹn sì dùn ṣá o.